Erè Olórí Méjì Tí Mo Ń Tọ́jú ní Kétu

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí tí ìbéèrè ti ń wá bá mi láti Àjàṣẹ́, láti Ṣábẹ̀ẹ́, àní láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Faransé, pé ṣé lóòótọ́ ni mo ń sin ejò olórí méjì nílé mi ní Kétu. Àwọn kan béèrè tìyanutìyanu, àwọn mìíràn béèrè bí ẹni tí ń bá ni kẹ́dùn. Àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi ránṣẹ́ sí mi pé ohun abàmì bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé ẹni tí ń kọ̀wé nípa oyè àti ìtàn ìlú. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti fi ọwọ́ ara mi kọ bí ọ̀rọ̀ ti rí, kí ìròyìn ẹnu má baà fi orí kẹta kún orí méjì tó wà níbẹ̀.

Òótọ́ ni, ejò náà wà. Erè ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe erè ńlá tí àwọn ọdẹ ń bá pàdé létí odò, tó lè gbé ẹran mì lódindi. Èyí ni erè kékeré inú oko wa, tí àwọn Faransé ń pè ní python royal, tí George Shaw, onímọ̀ ẹranko ará Gẹ̀ẹ́sì, sì fún ní orúkọ Látìnì lọ́dún 1802, orúkọ tó túmọ̀ sí pé ti ọba ni. Àgbà rẹ̀ kì í sábà gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Kò ní oró. Inú ihò òkété àti inú ọ̀gán ló ń fara pamọ́ sí lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń jáde, eku sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tó bá mọ ire ara rẹ̀ kì í fi í lù ú pa. Bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà bu ni jẹ. Ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ róbótó bí òṣùká, tí yóò sì ki orí bọ àárín.

Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ erè kì í ṣe àjèjì sí mi. Ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó igbó àti ẹran ìgbẹ́ ni mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Benin, Togo àti Ghana ni orísun erè kékeré yìí fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sìn wọ́n nínú ilé bí a ti ń sin ológbò. Láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, àwọn àgbẹ̀ a máa wú abo tó ní ẹyin nínú jáde láti inú ihò, wọn a tà wọ́n fún àwọn tó ní ọgbà ejò. Bí abo bá yé tán, wọn a kó ẹyin síbi tí ooru kò ti ní dín kò ní lé. Bí ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn náà, ọmọ a jáde. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Washington lọ́dún 1973 ló ń darí òwò náà, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lára àwọn ìwé tí ń gba ọwọ́ mi kọjá. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rí ọmọ erè tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, mo rí èyí tí kò lójú rárá, ṣùgbọ́n n kò rí olórí méjì rí.

Oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú irú ọgbà bẹ́ẹ̀, pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Bàbá, ẹyin kan ti là níbí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń ba gbogbo wa lẹ́rù. Ọ̀gá ní kí a lọ jù ú sígbó kí ilẹ̀ tó ṣú.” Mo ní kí ó bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí ó dúró di ọ̀la. Nígbà tí mo débẹ̀, orí ọ̀tún nìkan ló tíì yọ. Ọmọ ejò a máa fi eyín tín-ínrín kan tó wà ní ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ la èèpo ẹyin, a sì tún jókòó sínú èèpo náà fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó fi í sílẹ̀. Orí ọ̀tún ń yọ ahọ́n sí wa, ó ń wo ayé. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí orí òsì tó tẹ̀ lé e. Kí n tó gbé e kúrò, mo gba gbogbo ìwé tó yẹ ní gbígbà, nítorí kò bójú mu kí ẹni tó fi ìgbésí ayé rẹ̀ béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹlòmíràn wá máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Kí ló ń fa irú rẹ̀? Ẹyin kan tó ń pín láti di ìbejì ni, tó sì dúró lójú ọ̀nà kí ó tó pín tán. Aristotle, ará Gíríìkì àtijọ́, ti mẹ́nu kan ejò olórí méjì nínú ìwé tó kọ nípa bí ẹranko ṣe ń bí sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní tiwọn kò nílò Aristotle. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo gbé ejò náà délé ni wọ́n wá, wọ́n wo inú agbọ̀n, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ìbejì ni. Èwo ló kọ́kọ́ jáde nínú wọn?” Mo ní ti ọ̀tún ni. Wọ́n ní, “Táyé nìyẹn. Kẹ́hìndé tó rán an wá wo ayé ni èyí. Má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ abàmì lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí mọ́.” Bí wọ́n ṣe gba orúkọ nìyẹn.

N óò dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ abàmì yìí, nítorí òun ni àgbà wa fi ránṣẹ́ sí mi. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wá láyè láti fọ́nnu. Àkókò kan wà tí wọ́n ń pa ìbejì ní àwọn apá kan ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń wò wọ́n bí ohun tó ṣàjèjì sí bíbí ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí ìyá ìbejì ń gbé ọmọ rẹ̀ jó ká ọjà, tí àwọn ènìyàn sì ń fún un lówó. Ohun tí ìran kan gbé sọ sígbó, ìran mìíràn gbé e pọ̀n. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé ìran tó gbé e pọ̀n ni kò mọ àṣà.

Ti Ọbàtálá tún wà níbẹ̀. Òun ló ń mọ ọmọ sínú ìyá, gbogbo wa sì mọ ìtàn ẹmu tó mu, tí àwọn ọmọ kan fi jáde pẹ̀lú ara tí kò pé. Láti ìgbà náà ni àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í fẹnu kan ẹmu, láti ìgbà náà sì ni àfín, abuké àti arọ ti jẹ́ ẹni òrìṣà, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Ohun tó máa ń jọ mí lójú nínú ìtàn yìí ni pé Ọbàtálá kò kó àwọn amọ̀ náà dànù. Ó gbà wọ́n ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọmọ oyè tí ara rẹ̀ bá ní àbùkù kò lè gorí ìtẹ́, bí ó ti wù kí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀ tó. A kò fi í jọba, ṣùgbọ́n ọba tí a fi jẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ebi pa á. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ojú àbòsí ni mo fi wo àṣà méjèèjì yìí pọ̀. Nísinsìnyí tí mo ní erè kan tí Òyìnbó sọ pé ti ọba ni, tí ara rẹ̀ kò sì pé, mo ti rí i pé ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ta ni yóò ṣáájú, àti ta ni a óò tọ́jú. Ìlú tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò ṣi ọ̀kan ṣe.

Mo padà sórí ejò. Lọ́sẹ̀ kìíní, ọmọ erè kì í jẹun. Ohun tó kù nínú ẹyin ló ń gbé e ró títí yóò fi bọ́ awọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo lo àsìkò náà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kan ní Kútọnu. Ó ya fọ́tò egungun rẹ̀: eegun ẹ̀yìn méjì ló sọ̀ kalẹ̀ láti orí méjèèjì, wọ́n sì pàdé ní bí ìwọ̀n ìka méjì sísàlẹ̀, láti ibẹ̀ dé ìrù wọn jẹ́ ọ̀kan. Oríta ni mo ń pe ibi tí wọ́n ti pàdé. Dókítà mú rọ́bà tín-ínrín kan tó fi òróró pa, ó rọra tì í sí ọ̀fun Táyé, ó wọlé títí dé inú. Ó tì í sí ọ̀fun Kẹ́hìndé; kò ju ibi oríta lọ tó fi dúró. Ó tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀nà ọ̀fun Kẹ́hìndé kò já sí ibì kan. Ó ń mí, ó ń ríran, ó ń gbóòórùn, ẹnu rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, ṣùgbọ́n ohun tó bá gbé mì kò lè dé ikùn, yóò há sí ọrùn, yóò sì pa àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ kò gùn: “Ẹ má ṣe bọ́ èyí láéláé, tọ́ntọ́.” Ó ní bí mo bá lè ṣọ́ ọ, wọ́n lè pẹ́, bí n kò bá lè ṣọ́ ọ, kò ní kọjá oṣù méjì.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí ìbejì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ohun tí a bá fún Táyé, a gbọ́dọ̀ fún Kẹ́hìndé. Aṣọ kan náà, oúnjẹ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá fún ọ̀kan tó sì fi èkejì sílẹ̀ ń wá ìjàngbọ̀n sílé ara rẹ̀. Inú òfin yìí ni wọ́n tọ́ mi dàgbà; àbúrò méjì tó tẹ̀ lé mi, ìbejì ni wọ́n. Èmi wá ni yóò máa gbé oúnjẹ síwájú ìbejì ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tí n óò sì máa di ẹnu ọ̀kan.

Kì í ṣe pé ebi ń pa Kẹ́hìndé. Ikùn kan náà ni wọ́n ní, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń yí lára wọn. Bí Táyé bá yó, ara Kẹ́hìndé náà yó. Ṣùgbọ́n orí kò mọ ohun tí ikùn mọ̀. Erè ní àwọn ihò kéékèèké létí ètè rẹ̀ tó fi ń mọ ooru ara eku kódà nínú òkùnkùn biribiri. Kí n tó ṣí ìdérí àpótí, Kẹ́hìndé ti mọ̀ pé eku dé. Yóò na ọrùn, yóò ká a padà bí ẹni fẹ́ ta ọfà, ahọ́n rẹ̀ kò ní dúró. Ó sì ń yára ju Táyé lọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ nínú igbó, òun ni ì bá kọ́kọ́ gbé eku mì, ibẹ̀ ni ì bá sì parí sí.

Èyí ni bí a ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ló rán àpò kékeré kan láti ara òfì àtijọ́ tó ti rọ̀, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, ó ní ihò níwájú kí èémí lè máa wọlé. Mo máa ń fi í bo orí Kẹ́hìndé, n óò sì fi ìka méjì di ọrùn rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a óò fi páálí kan há àárín ọrùn méjèèjì, kí òórùn má baà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Eku tí mo bá ti pa ni mo ń fún Táyé, kékeré, kò gbọdọ̀ nípọn ju ara rẹ̀ lọ. Táyé kì í kánjú. Yóò gbé e yí, yóò wá orí eku, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e mì. Ibi tó ń kó mi láyà sókè ni oríta: bí eku bá dé ibẹ̀, ọrùn Kẹ́hìndé yóò wú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun náà yóò máa là ẹnu nínú àpò bí ẹni tó ń jẹun. N kò mọ́wọ́ kúrò títí ìkùùkù náà yóò fi kọjá sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi aṣọ tútù nu ẹnu Táyé dáadáa, nítorí bí òórùn eku bá kù sí i lẹ́nu, bí a bá ti ṣí àpò, Kẹ́hìndé yóò fọ́ mọ́ orí ìkejì rẹ̀ láti gbé e mì. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ilé mi nìkan. Ní yunifásítì Tennessee ní Amẹ́ríkà, ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Burghardt tọ́jú ejò olórí méjì kan, ó sì rí i pé orí méjèèjì ń bá ara wọn jà lórí oúnjẹ tó ń lọ sínú ikùn kan ṣoṣo. Mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín, mo sì rántí àwọn ìpàdé kan tí mo ti jókòó sí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá tí mo ń ṣe báyìí, ọkàn mi kò sì lélẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí mo ń ṣe sí Kẹ́hìndé yìí kò lòdì sí ohun tí wọ́n fi kọ́ wa?” Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Nígbà tí Kẹ́hìndé tèmi kú, ṣé o rántí pé a gbẹ́ ère? Bí mo bá fún Táyé ní ẹ̀wà, mo máa ń fi kan ère lẹ́nu. Ta ló jẹ ẹ̀wà náà?” Mo ní Táyé ni. Wọ́n ní, “Táyé ló jẹ ẹ́ fún méjèèjì. N kò ki ẹ̀wà bọ igi lọ́fun. Mo fi kàn án lẹ́nu kó lè mọ̀ pé a kò gbàgbé òun. Tìrẹ tilẹ̀ sàn ju tèmi lọ, ikùn kan náà ni tàwọn wọ̀nyí.” Wọ́n ní kí n máa fi ìyẹ́ adìyẹ bọ omi, kí n fi kan Kẹ́hìndé lẹ́nu bí Táyé bá ti jẹ tán, ẹ̀kán kan péré. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà, ó ní ẹ̀kán kan lórí ètè kò lè ṣe é ní nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe é. Ère àti erè, àmì ohùn nìkan ló yà wọ́n. N kò mọ̀ pé ọ̀kan ni yóò kọ́ mi bí a ṣe ń tọ́jú èkejì.

Àwọn baba wa ní àìkówọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èyí tó wà lọ́dọ̀ mi kówọ̀ọ́ rìn láti inú ẹyin, ìyà sì ń jẹ ẹ́ síbẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan ní ọpọlọ tirẹ̀. Bí Táyé bá fẹ́ lọ sápá ọ̀tún tí Kẹ́hìndé sì fẹ́ lọ sápá òsì, ara a dúró gbagidi láàárín. Mo ti rí i tí wọ́n wà lójú kan fún ìdá mẹ́rin wákàtí, tí ìrù ń jà, tí iwájú kò lọ. Ìkòkò tí mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ fún wọn láti sá sí ní ẹnu tóóró. Orí kan gba inú, orí kan gba ìta, oríta há mọ́ etí ìkòkò. Mo gbé e kúrò, mo fi ìlàjì igbá tí mo gé ẹnu rẹ̀ fífẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí irú wọn kì í fi í pẹ́ nínú igbó: bí àṣá bá ń bọ̀, kò sí àsìkò fún ìgbìmọ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń jókòó ti àpótí yìí, mo máa ń rò nípa ọgbọ́n àwọn tó fi Kétu lélẹ̀, tí wọ́n ní ilé ọba márùn-ún, tí wọ́n sì ṣètò pé kí oyè máa yí láti ilé dé ilé, kí ẹnì kan ṣoṣo sì wà lórí ìtẹ́ nígbà kan. Ilé márùn-ún kì í ṣe orí márùn-ún. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwọn ìlú wa mélòó kan lónìí.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó le jù. Ní Kétu, bí ọyẹ́ bá dé, ètè ènìyàn pàápàá a máa là. Awọ ejò tó yẹ kí ó bọ́ lódindi bí ìbọ̀sẹ̀ a gbẹ mọ́ ọn lára. Ti olórí méjì tún wá ju bẹ́ẹ̀. Awọ a máa là létí ètè orí kọ̀ọ̀kan, yóò máa ṣí bọ̀ lẹ́yìn, nígbà tó bá dé oríta, awọ méjèèjì yóò wọ́ jọ di okùn, wọn yóò sì fún ọrùn. Oṣù kìíní ọdún yìí, mo jí lóru ọjọ́ kan, mo rí i pé ojú Kẹ́hìndé ti wú. Wákàtí méjì ni èmi àti ọmọ-ọmọ mi obìnrin fi rẹ̀ wọ́n sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, tí a ń fi òwú tútù ṣí awọ náà díẹ̀díẹ̀, òun di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi di ejò mú. Iná mànàmáná ti lọ. Nígbà tí awọ náà já níkẹyìn, Kẹ́hìndé yọ ahọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé orí lé ọrùn Táyé. Láti ìgbà náà, aṣọ tútù kì í kúrò nínú àpótí wọn títí òjò yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n dé ibẹ̀. Oníṣòwò kan láti òkèèrè gbọ́, ó pè mí. Iye tó dá ju owó ìfẹ̀yìntì mi ọdún méjì lọ, àwọn ọmọ mi sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bí ìgbìmọ̀. N kò bú wọn, owó kì í ṣe ohun ìtìjú. Mo béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò náà ohun kan ṣoṣo: ta ni yóò máa fi àpò bo Kẹ́hìndé? Ó ní ẹni tó bá rà á ni yóò mọ èyí. Mo kí i pé ó dàbọ̀. Lọ́dún 2006, ilé ẹja kan ní Saint Louis ní Amẹ́ríkà gbé ejò olórí méjì tí wọ́n ń pè ní We, ìyẹn Àwa, síta fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 150,000 dọ́là. Títà náà kò wọlé, ejò náà sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́jọ ló lò láyé, èyí tó pọ̀ gan-an fún irú rẹ̀.

Àwọn mìíràn ní kí n gbé e lọ sí Ouidah, sí ilé àwọn erè tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ erè bọ̀wọ̀ fún tó wọn ní gbogbo etíkun wa. Ṣùgbọ́n àṣà ibẹ̀ ni pé kí a máa jọ̀wọ́ àwọn erè lóru kí wọ́n lọ wá oúnjẹ, bí wọ́n bá sì wọ ilé ẹnìkan, onítọ̀hún yóò kí wọn, yóò sì gbé wọn padà. Òmìnira tó jẹ́ ọlá fún erè mìíràn, ikú ni fún èyí.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa sì bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde níbi ọdún ìlú, nínú àpótí díńgí, kí àwọn àlejò lè wò ó. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìlú ló wà nídìí rẹ̀. Ìdáhùn mi ni ohun tí mo ti sọ lókè, pé erè tí ẹ̀rù ń bà a máa ká róbótó, a sì fi orí pamọ́ sí àárín. Àárín òṣùká náà kò gba ju orí kan lọ. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹrin tí àlejò pariwo nítòsí wọn: Táyé ló máa ń wọlé, Kẹ́hìndé ló máa ń kù síta, lórí gbogbo rẹ̀, tí kò rí ibi sá sí. N kò lè gbé ojú yẹn síwájú ìlù àti ìbọn fún odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí i kí ó wá ní Ọjọ́bọ̀, ní méjì méjì, kí ó bọ́ bàtà, kí ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Wọ́n ti pé oṣù mẹ́rìndínlógún báyìí. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, iṣẹ́ ọba kì í tán lára ènìyàn: ọjọ́ tí wọ́n jẹun, ọjọ́ tí wọ́n bọ́ awọ, ìwọ̀n wọn. Gíráàmù 54 ni wọ́n nígbà tí wọ́n jáde nínú ẹyin, 310 ni wọ́n lóṣù tó kọjá. Erè tí ara rẹ̀ pé lè gbé tó ogún sí ọgbọ̀n ọdún lọ́wọ́ ènìyàn. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ìyẹn fún wọn, ṣùgbọ́n èmi ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin, ẹ̀gbọ́n mi kò ríran rán àpò mọ́, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ ìtẹ́ àti àrọ́lé láti àárọ̀ dalẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tí yóò jogún àpótí tó wà nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi tó di tọ́ọ̀ṣì mú lóru ọyẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró tì í, tí n kò fọwọ́ kan nǹkan kan, tí mo ń wò ó bó ṣe ń fi àpò bo Kẹ́hìndé, tó ń há páálí, tó ń dúró de oríta. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Àjàṣẹ́ nígbà tí fóònù dún nínú àpò mi. Ó kọ̀wé pé: “Bàbá àgbà, Táyé ti jẹun, ó ti kọjá oríta. Mo ti fi omi kan Kẹ́hìndé lẹ́nu.”